Ilé-Ẹjọ́ Kì í Tẹ Físà

    

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù yìí pè mí lórí fóònù nítorí ọdún 25 ẹgbẹ́, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òfin. Mo bi í pé òfin wo. Ó ní, “Lọ́yà, ẹ sọ̀rọ̀ lórí físà jàre. Òun ló ń pa wá lẹ́kún.” Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá ní kí ẹni tí wọn ò tíì já ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀ kulẹ̀ rí lórí físà nawọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn yìí, mo mọ̀ pé ọwọ́ tí yóò lọ sókè kò ní pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni èyí: bí ìjọba bá kọ̀ láti fún èèyàn ní físà, kí ni adájọ́ lè ṣe sí i? Àwọn kan rò pé adájọ́ yóò gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ físà, yóò sì fi lu ìwé ìrìnnà wa fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kì í tẹ físà. Ìbéèrè kan ni ó máa ń bi ìjọba, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ fún un láti ẹjọ́ dé ẹjọ́ ni: ẹni tí ó sọ pé rárá yìí, ṣé ó gbọ́ tẹnu ẹni kejì kó tó sọ ọ́? Àwọn bàbá wa ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà.

Ìyá aláṣọ àti owó àjọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ìyá tó ni ín fọwọ́ sí i pé kí n sọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Àǹkárá àti léèsì ni ó ń tà ní Gbági, n’Íbàdàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Woolwich níbí, oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Ìyá fẹ́ wá wẹ ọmọ, kí ó lo oṣù mẹ́ta, kí ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀ kí ọjà ọdún tó dé. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n sanwó, ìyá lọ tẹ̀ka.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìwé dé. Òṣìṣẹ́ físà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rí 2.4 mílíọ̀nù náírà tí ó wọ àkáǹtì ìyá lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ó ní kò sí àlàyé nípa ibi tí owó náà ti wá. Nítorí náà, kò dá òun lójú pé ìyá yóò padà sílé bí àkókò bá pé.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó síbí ti mọ ibi tí owó náà ti wá kí n tó la ẹnu. Àjọ ni! Obìnrin 12 ní ìlà ìsọ̀ kan náà, kálukú ń dá 200,000 náírà lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó gbogbo rẹ̀. Oṣù yẹn kan ìyá. Bó ṣe kó o tán, ó gbé e lọ sí báńkì, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé Òyìnbó fẹ́ rí owó ní báńkì.

Kì í sì í ṣe pé wọn ò ṣàlàyé o. Orí tábìlì ilé ìdáná ọmọ rẹ̀ ni mo ti ṣí fáìlì náà, torí aṣọ ọmọ tuntun ti gba gbogbo àga tó kù. Ní ojú-ìwé 17 ni mo ti bá lẹ́tà alájọ: orúkọ obìnrin méjèèjìlá, nọ́ńbà fóònù wọn, oṣù tí kálukú kó tirẹ̀, òǹtẹ̀ ìyálọ́jà nísàlẹ̀. Ní ojú-ìwé 18 ni fọ́tò káàdì àjọ wà. Òjò ti pa káàdì náà nígbà kan, yíǹkì ti ṣàn níbi oṣù kẹta, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè ka iye tí wọ́n dá. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò sọ pé irọ́ ni. Kò sọ pé kò tó. Ó kàn ṣe bí ẹni pé lẹ́tà náà kò sí ni.

Ibi tí ẹjọ́ náà fi ẹsẹ̀ lé nìyẹn. Ká ní ó kà á, kó sì sọ ìdí gúnmọ́ tí lẹ́tà alájọ kò fi tẹ́ òun lọ́rùn, ǹ bá má rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí i. Òfin fún un láyè kó má gbà wá gbọ́. Ohun tí kò fún un láyè ni kó má gbọ́ wa rárá.

Ẹnu ọ̀nà iwájú àti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn

Ọmọ ìyá wá bi mí pé, “Ṣé a ò ní pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni?” Ìbéèrè gidi ni, ìtàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ìgbà tí èèyàn lè gbé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání, kó wọ bàálù láìgba físà, kó di ẹnu ibodè kí wọ́n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọdún 1986 ni ìjọba Margaret Thatcher kéde pé ará Nàìjíríà, Gánà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh yóò máa gba físà láti ilé. Lọ́dún 1986 yẹn kan náà, àlejò kan tí wọn ò jẹ́ kó wọlé gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sílé-ẹjọ́, wọ́n ń pè é ní ẹjọ́ Swati. Ilé-ẹjọ́ dá a padà. Wọ́n ní òfin ti fún un ní ẹ̀tọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó lọ gba ibẹ̀, kó yé wá bá àwọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ gba ibẹ̀. Lọ́dún 1993 àwọn aṣòfin gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ àlejò. Òfin ọdún 1999 dá a padà fún ẹni tó ń bọ̀ wá kí ẹbí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní oṣù kẹwàá ọdún 2000. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n tún gbà á. Ilé-ẹjọ́ ní ká gba ẹnu ọ̀nà iwájú, àwọn aṣòfin sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ẹni tó ń wá ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá kàwé ṣì lè ní kí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, tún ìpinnu rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ gbé sábà máa ń ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìyá tó kàn ń bọ̀ wá wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló kù fún un, òun ni pé kí adájọ́ yẹ ọ̀nà tí ìjọba gbà ṣe ìpinnu wò.

Ìyàtọ̀ wọn tóbi. Nínú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, adájọ́ lè wo ọ̀rọ̀ náà lákọ̀tun kó ní òun ì bá fún un. Nínú èyí tí mò ń wí yìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi kí wọ́n pe èèyàn wá síbi iyán. Wọn ò pè é pé kó tọ́ ọ wò kó sọ bóyá ó dùn. Iṣu ni yóò béèrè, odó ni yóò yẹ̀ wò: ṣé iṣu jinná, ṣé wọ́n fọ odó, ṣé gbogbo iṣu tí wọ́n gbé wá ni wọ́n gún àbí wọ́n gbàgbé èyí tó pọ̀ jù sínú ìkòkò? Ojú-ìwé 17 ti ìyá aláṣọ, inú ìkòkò ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí.

Ohun tí adájọ́ ń wá

Lọ́dún 1984, adájọ́ kan tó ń jẹ́ Lord Diplock kó ohun tí adájọ́ lè torí rẹ̀ fagi lé ìpinnu ìjọba sí abẹ́ orí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìjọba rú òfin tó fún un lágbára. Èkejì, ìpinnu náà kò bá ọgbọ́n orí mu rárá. Ẹ̀kẹta, wọn ò tọ ọ̀nà ẹ̀tọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹjọ́ tó ti sọ ọ́ dùn mọ́ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ GCHQ ní Cheltenham ló pè é, ilé iṣẹ́ tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ayé fún ìjọba. Thatcher fòfin de ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ láìbá wọn sọ nǹkan kan ṣáájú. Ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ti gbogbo ayé, wọn ò gbọ́ ti òṣìṣẹ́ inú rẹ̀! Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà pàdánù, nítorí ìjọba ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni. Mo fi èyí síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bí ẹ̀tọ́ bá ti wà lọ́wọ́ ẹni, ẹjọ́ ti tán.

Orí kejì, ti ọgbọ́n orí, le ju bó ṣe dún létí lọ. Ìgbìmọ̀ ìlú Wednesbury jẹ́ kí ilé sinimá kan máa ṣí lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní àfi kí ọmọ tí kò tó ọdún 15 má wọ ibẹ̀. Ilé sinimá pẹjọ́, ó sì pàdánù ní 1947. Adájọ́ ní kì í ṣe bí ìpinnu kò bá tẹ́ òun lọ́rùn ni òun ó fagi lé e, àfi kó jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ pé kò lè ṣe láé. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fà yọ ni olùkọ́ tí wọ́n lé níṣẹ́ nítorí pé irun orí rẹ̀ pupa. Nítorí náà, bí ẹ bá bá mi ní ọ́fíìsì tí ẹ ní, “Lọ́yà, ìpinnu yìí ò mọ́gbọ́n wá,” màá kọ́kọ́ béèrè pé ṣé irun pupa ni, àbí ó kàn dùn yín ni.

Orí kẹta ni ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹ̀yin pásítọ̀ yóò fẹ́ràn èyí. Lọ́dún 1718, Yunifásítì Cambridge gba oyè lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé kan, Richard Bentley, láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n dá oyè rẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rán wọn létí ọgbà Édẹ́nì: Ọlọ́run mọ ohun tí Ádámù jẹ, kò sí ohun tó pamọ́ fún un, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ pè é, ó bi í léèrè, ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ kó tó lé e jáde. Àlàyé náà kò dáa, ìyàwó ni ó tì í sí lọ́rùn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbọ́ ọ tán.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Balajigari, àwọn tí wọ́n ti ń gbé níbí fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, Home Office sì rí i pé owó tí wọ́n kọ fún un kò bá èyí tí wọ́n kọ fún àwọn agbowó-orí mu. Home Office pè wọ́n ní alábòsí. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní o lè fura sí èèyàn, ṣùgbọ́n kí o tó fi àbòsí kàn án, sọ ohun tí o fura sí fún un, kí o sì gbọ́ èsì rẹ̀. Nítorí ẹni tí wọ́n bá kọ ìyẹn sí lọ́rùn nínú ọ̀rọ̀ físà, ọdún 10 ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹni tí ń ṣe ìwé báńkì tà lábẹ́ afárá, ẹ bá mi fi iye ọdún yẹn kí i.)

Ó wá ku ìbéèrè kan: bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ wa fún, ta ni yóò gbọ́? Láti 2015 ni Home Office ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń pín àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù físà bí iná ojú pópó: pupa, òféfèé, àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá bọ́ sí pupa, ojú ìfura ni wọ́n fi ń wò ó. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá wà lára ohun tí ẹ̀rọ náà ń kà, wọn ò sì jẹ́ kí aráyé mọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sínú ìwé ìfura náà. Ẹgbẹ́ JCWI, tí ń jà fún àwọn àjèjì, pẹ̀lú àwọn agbẹjọ́rò Foxglove gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Ẹjọ́ náà kò tíì dé iwájú adájọ́ tí Home Office fi kéde pé láti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn ti pa ẹ̀rọ náà tì. Ẹ̀rù ẹjọ́ ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò ṣe.

Ohun tí kò sí nínú fáìlì

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń pàdánù nìyí.

Ìwé tó wà níwájú òṣìṣẹ́ físà lọ́jọ́ tó ṣe ìpinnu ni adájọ́ yóò wò. Èyí tí ẹ rí lẹ́yìn ìgbà náà, bó ti wù kó dáa tó, adájọ́ kì í sábà kà á kún. Bí lẹ́tà alájọ bá jẹ́ èyí tí ìyá lọ gbà lẹ́yìn tí wọ́n já a kulẹ̀, a ò ní ẹjọ́ kankan. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má sì fi ohun tí ẹ mọ̀ díwọ̀n ohun tí òṣìṣẹ́ náà mọ̀. Kò mọ àjọ. Kò mọ̀ pé ilé tí bàbá kọ́ tí ọmọ márùn-ún jọ ń gbé kì í ní ìwé háyà. Kò mọ ìdí tí ọmọ fi ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá tó ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú-ìwé kan péré, ẹ sọ ojú-ìwé tí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ fi síwájú gbogbo ìwé yòókù.

Àkókò pẹ̀lú. Òfin ní kíákíá ni kí èèyàn pẹjọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta. Kíákíá ni ọ̀rọ̀ tó wà níwájú. Oṣù mẹ́ta, ògiri ẹ̀yìn ni. Kí a tó pẹjọ́, a ó kọ lẹ́tà sí ìjọba pé ibi báyìí ni ẹ ti ṣìṣe, a ó sì máa ń fún wọn ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Upper Tribunal ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ báyìí ń lọ, ní Field House, nítòsí Chancery Lane. Ibẹ̀ náà, a ó kọ́kọ́ tọrọ àyè. Adájọ́ yóò ka ìwé wa láìrí ojú wa, yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń kú síbẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹni tó bá pàdánù ló sábà ń san owó agbẹjọ́rò ẹnì kejì. Nítorí náà, lọ́yà ni mí, iṣẹ́ mi ni mo sì ń bà jẹ́ yìí: nínú ìpinnu físà mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá bá mi, ọ̀pọ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù kọ, kí wọ́n ṣàlàyé dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Kìkì ibi tí ojú-ìwé 17 bá wà, tí wọn ò sì kà á, ni mo ti ń ṣí ìwé òfin.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Houston, ẹ má fi tibí wé tibẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé kékeré tí wọ́n kọ 214(b) sí, abala òfin tí wọ́n fi ń já èèyàn kulẹ̀, ni wọ́n sábà ń fi léni lọ́wọ́ ní fèrèsé, ilé-ẹjọ́ kì í sì í fẹ́ dá sí ohun tí òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì bá sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nínú ẹjọ́ Muñoz, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà pàápàá kò lè fi ẹ̀tọ́ òfin-ìpìlẹ̀ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ òun wọlé. Kánádà dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 60 ni ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ lókèèrè ní, owó ìwé ẹjọ́ kò ju 50 dọ́là lọ, àti pé láti ìgbà ẹjọ́ Vavilov ní 2019, ìdí tí òṣìṣẹ́ bá kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń kà á, kó sì dúró lórí ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹjọ́ tí a ti bọ̀ tí a tún ṣọ̀rẹ́

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nínú ẹjọ́ físà, ọ̀ranyàn ni ká ṣọ̀rẹ́. Bí a bá jàre, adájọ́ yóò fagi lé ìpinnu, yóò sì dá ọ̀rọ̀ padà sí ọ́fíìsì tí a ti bọ̀, pé kí wọ́n tún un wò bó ṣe tọ́. Wọ́n lè kà á dáadáa kí wọ́n tún ní rárá, kó sì bá òfin mu.

Ti ìyá aláṣọ kò tilẹ̀ dé iwájú adájọ́. A kọ lẹ́tà, ọjọ́ 14 kọjá, wọ́n ní àwọn ò yí ọ̀rọ̀ àwọn padà. A pẹjọ́. Nígbà tí agbẹjọ́rò tiwọn kan ojú-ìwé 17, bóyá òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kà á níbẹ̀, ó kọ̀wé sí mi pé àwọn ti fa ìpinnu náà sẹ́yìn, àwọn yóò tún un ṣe. Òṣìṣẹ́ mìíràn ló wò ó. Ó béèrè ìwé báńkì méjì lọ́wọ́ alájọ. Alájọ fi ránṣẹ́. Físà jáde.

Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọmọ ti wẹ̀, ọmọ ti jókòó. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, orí fóònù ni ìyá wà láti Ìbàdàn. Ó bu oyin tirẹ̀ sínú àwo kékeré, ó sì ń fi ìka tọ́ ọ lá bí wọ́n ṣe ń fi tibí kan ọmọ lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo bá wọn lọ pàdé rẹ̀ ní Heathrow, eyín mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọmọ náà. Ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó sì fi orí pamọ́ sí èjìká ìyá rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pẹjọ́ yẹn, ìyá kò lò ó tán. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ló padà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ tuntun ní Gbági, oṣù kejì sì ni ó kàn án.

    Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fìlà mi láti àárọ̀, Gbági ni aṣọ rẹ̀ ti wá. Ìyá kan ló fi ránṣẹ́ sí mi.